Johnson wo nìyẹn? Bí ẹ ṣe lè tọpa orúkọ tí èèyàn púpọ̀ jọ ń jẹ́ nínú láíbìrì àti ilé tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹnìkan á tẹ orúkọ ìdílé ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á rí "Rev. Johnson" nínú ìwé ìjọba Èkó ti 1886, ló bá di inú WhatsApp ẹbí, "bàbá bàbá wa rèé o!", kílẹ̀ tó mọ́ àwọn kan ti ń bèèrè àǹkárá tí wọ́n máa fi ṣe àjọyọ̀. Bẹ́ẹ̀ àlùfáà Johnson méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìjọba lọ́dún yẹn, wọn ò bára wọn tan, ọ̀kan ń gbé l'Ọ́yọ̀ọ́, èkejì ń gbé l'Ékòó, a ò sì tíì ka àwọn Johnson tó kù.

Johnson yìí ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀, torí òun ló dàrú jù. Ẹni tó bá lè tú Johnson palẹ̀, Williams, Cole, da Silva àti Balógun ò lè fún un ní wàhálà.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun kan nípa ẹni yẹn tí kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Ìlú tó gbé, iṣẹ́ tó ṣe, sọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ, ọdún tó kú, orúkọ ìyàwó ẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn. Tó bá jẹ́ orúkọ lásán lẹ ní, ẹ má tíì wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn rárá, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ara ibojì, ìwé ìrìbọmi, ìwé ilẹ̀, àti ẹ̀yìn fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀ ìyá àgbà. Ẹ̀yìn fọ́tò ni mo wí o, kì í ṣe iwájú, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọdún àti ìlú sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìwé kan tàbí ṣíìtì lórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ là á sí márùn-ún: orúkọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ọdún, ìlú, iṣẹ́ tàbí oyè, ibi tẹ́ ẹ ti rí i. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, ọ̀pọ̀ ilé ìwé àtijọ́ (ìyẹn archives, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí) ni kì í gbà kéèyàn mú bírò wọlé, àti káàdì ìdánimọ̀, àti lẹ́tà tó sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ àti ohun tẹ́ ẹ wá wò. Owó kọ́pì náà, ẹ má gbàgbé.

Ẹ sì bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó rí ìwé kankan, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí: wọ́n á gbé fóònù síwájú bàbá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n á ní "Bàbá, ṣé Samuel Johnson yìí kọ́ ni bàbá bàbá yín?" Kí lẹ fẹ́ kí bàbá sọ? Wọ́n á ní òun ni, ó dùn mọ́ wọn nínú. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n ń pè wọ́n nílé? Ìlú wo ni wọ́n ti wá? Sọ́ọ̀ṣì wo ni wọ́n sin wọ́n sí? Ta ló kọ́ wọn níṣẹ́?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀.

Ìpele 1: Ẹ kọ gbogbo ojú tí orúkọ náà lè gbé wá

Àwọn akọ̀wé ayé ọjọ́un, etí ni wọ́n fi ń kọ orúkọ wa, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Ṣ yẹn, ẹ máa rí i bíi sh tàbí s lásán nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó bá jẹ́ ìwé Brazil ó lè di x, ti Cuba á di ch, ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Ọ̀ṣun ní Oxum ní Brazil, tí wọ́n ń kọ ọ́ ní Ochún ní Cuba. Orúkọ ìlú náà ò yàtọ̀, ẹ máa rí Abbeokuta, ẹ máa rí Illorin, ẹ máa rí Jebu tí wọ́n fẹ́ pè ní Ìjẹ̀bú. Gbogbo ẹ̀ lẹ máa kọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ sì máa wá níkọ̀ọ̀kan.

Orúkọ òyìnbó náà ní tiẹ̀. Wọ́n máa ń gé e kúrú: Jas. ni James, Saml. ni Samuel, Geo. ni George, Wm. ni William, Jno. ni John. Ẹni tí ò mọ̀ á máa wá ẹnì kan tó ń jẹ́ Jas káàkiri.

Àwọn tó pa orúkọ dà ńkọ́? Láàárín bíi 1880 sí 1900 àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó kan bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. David Brown Vincent di Mojola Agbebi ní 1894. Edmund Macaulay di Kitoyi Ajasa. Tẹ́ ẹ bá ń wá Agbebi nínú ìwé 1885 ẹ ò ní rí i, kì í ṣe pé kò sí níbẹ̀ o, orúkọ àná ló ń jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra gan-an fún irú orúkọ méjì kan. Ọ̀kan ni amútọ̀runwá: Àjàyí, Òjó, Àìná, Táíwò, Ìdòwú, ilé gbogbo ló ní wọn, kò sọ ohunkóhun nípa ìdílé. Èkejì ni oyè: Balógun, Ọ̀tún, Jagun, Bada. Lónìí Balógun jẹ́ orúkọ bàbá ẹlòmíì nínú pásípọ́ọ̀tù, àmọ́ nínú lẹ́tà tó wá láti Ìbàdàn ní 1875, oyè ni, ẹni tó ń jẹ ẹ́ á sì kú, ẹlòmíì á jẹ ẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tí ojú orúkọ tó wà nínú ìwé yín ò bá tíì ju méjì mẹ́ta lọ, ẹ ò tíì ṣe é tán. Ẹ padà lọ bá àwọn àgbà kẹ́ ẹ bèèrè oríkì. Bàbá Àkànní àti bàbá Àjàní tí wọ́n jọ ń jẹ́ James, oríkì ló máa yà wọ́n nínú ìtàn ilé.

Ìpele 2: Ẹ kó àwọn alájọjẹ́, ìyẹn àwọn tó jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, jọ

Gbogbo èèyàn ló ń fo ibí yìí, ibí yìí sì ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ má wá ẹni yín nìkan. Ẹ wá gbogbo àwọn tó lè jẹ́ ẹni yín tí kì í ṣe ẹni yín, kẹ́ ẹ kọ ìgbésí ayé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìlà kan.

Ẹ wo àwọn Johnson bí wọ́n ṣe tò:

Samuel Johnson, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, 1709 sí 1784, òun ló ṣe díṣọ́nárì tó jáde ní 1755. Òun ló máa kọ́kọ́ yọjú níbi gbogbo tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ yìí, ó lè gba ojú ìwé ogún kẹ́ ẹ tó rí ọmọ Yorùbá kankan.

Samuel Johnson tiwa, wọ́n bí i ní Hastings ní Sierra Leone ní 1846, ó ṣe tíṣà àti katikísì n'Íbàdàn, ó di díákónì ní 1880, ó ti wà l'Ọ́yọ̀ọ́ láti 1881, ó di àlùfáà pátápátá ní 1888, ó kú ní 1901. Òun ló kọ ìwé ńlá ìtàn Yorùbá yẹn.

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀: Henry, òun ni áṣídíákónì lórí odò Ọya; Nathaniel, àlùfáà lòun náà; Obadiah, dókítà oníṣègùn, ó kú ní 1920. Ẹ ti rí i pé ọmọ bàbá kan ṣoṣo, àlùfáà mẹ́ta ló wà nínú wọn.

James Johnson, tí wọ́n ń pè ní Holy Johnson, ó wá sí Èkó láti Sierra Leone ní 1874, ó lọ bójú tó iṣẹ́ sọ́ọ̀ṣì l'Ábẹ́òkúta, ó padà sí St. Paul's Breadfruit l'Ékòó ní 1880, ó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, ó kú ní 1917. Ìjẹ̀bú ni bàbá ẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ni ìyá ẹ̀, kò bá ilé Samuel tan rárá.

George William Johnson, télọ̀ ni, kì í ṣe àlùfáà, òun ló wà nídìí Egba United Board of Management, ìgbìmọ̀ tó fẹ́ máa ṣèjọba Ẹ̀gbá, l'Ábẹ́òkúta ní 1865. Àwọn ọ̀tá ẹ̀ ń pè é ní Reversible Johnson, ẹ ò rí i pé inagijẹ ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń tọpa ènìyàn, wọ́n fi bú u ni o, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń jẹ́ ẹ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ mú ọdún kan, ká ní 1877, kẹ́ ẹ bi ara yín níbo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lọ́dún náà. Samuel wà n'Íbàdàn, kò tíì di díákónì. James wà l'Ábẹ́òkúta. Tẹ́ ẹ bá lè dáhùn láìwo ìwé, ẹ máa lọ sí ìpele tó kàn.

Ìpele 3: Kátálọ́ọ̀gì láíbìrì

Láíbìrì ńlá kì í fi orúkọ lásán tọ́jú òǹkọ̀wé, wọ́n máa ń fi ọdún ìbí tàbí ọdún ikú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí wọ́n má baà pọ̀ mọ́ra. Torí náà ẹ má tẹ "Samuel Johnson" nìkan, ẹ tẹ "Johnson, Samuel" pẹ̀lú 1901, tàbí pẹ̀lú Yoruba. Ojú òpó VIAF ń kó bí oríṣiríṣi láíbìrì orílẹ̀-èdè ṣe kọ orúkọ òǹkọ̀wé kan jọ síbì kan, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi í yẹ ọdún wò.

Àmọ́ orúkọ kíkún ò tó, ọdún lásán náà ò tó, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọdún ìbí ni, ọdún ikú ni, àbí ọdún nǹkan míì. Thomas Babington Macaulay, ta ni? Òyìnbó òpìtàn tó kú ní 1859 ni. Orúkọ yìí kan náà ni bàbá Herbert Macaulay ń jẹ́, òun ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó ní 1859 yìí kan náà, ó sì kú ní 1878. Orúkọ mẹ́ta gbáko bára mu, ọdún kan náà bọ́ sí ìtàn àwọn méjèèjì! Ẹni tó bá rí "T. B. Macaulay, 1859" tó sì sáré, ó ti sáré gba ọ̀nà òdì. Samuel Crowther náà, mẹ́ta ni mo mọ̀: àlùfáà ìlú London tí wọ́n sọ bíṣọ́ọ̀bù wa lórúkọ ẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther fúnra ẹ̀, àti ọmọ ẹ̀ tóun náà ń jẹ́ Samuel.

Ẹ kíyè sí ọdún tí ìwé jáde. Ìwé ìtàn Yorùbá tí mo sọ yẹn, 1921 ló jáde, ogún ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú. Ó ti parí ẹ̀ ní 1897, àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún sọ ọ́ nù, Obadiah ló tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, òun náà sì kú kó tó jáde. Ẹni tó bá wá wá Samuel Johnson kan tó wà láàyè ní 1921 torí pé ó rí ọdún yẹn lára ìwé, àfàìmọ̀ kó má rí ẹlòmíì tó máa fi dí àlàfo náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá gbà nínú kátálọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ní ọdún tàbí ìlú tó bá ìlà ẹni yín mu nínú ìpele 2. Èyí tí ò bá ní, ẹ kọ "ẹ̀ẹ̀kan ná" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ má pa á rẹ́.

Ìpele 4: Ilé ìwé àtijọ́, níbi tí orúkọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ibí ni ojú ti ń ṣú àwọn tó mọ Google lò dáadáa. Ilé ìwé àtijọ́ kì í to ìwé ní orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀, ọ́fíìsì tó ni ìwé ni wọ́n fi ń tò ó. Bàbá bàbá yín lè wà nínú fáìlì kan ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí orúkọ ẹ̀ má sì sí nínú kátálọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ìbéèrè yín ò gbọdọ̀ jẹ́ "níbo ni Johnson wà?" Ìbéèrè yín ni "ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí, ní irú ìlú yìí, lọ́dún yìí, ọ́fíìsì wo ló máa kọ nǹkan nípa ẹ̀?"

National Archives Ìbàdàn wà nínú ọgbà University of Ibadan. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n to nọ́ńbà fáìlì sí. Oyo Prof ni ti ẹkùn Ọ̀yọ́, Iba Prof ti Ìbàdàn, Abe Prof ti Abẹ́òkúta, Ondo Prof ti Oǹdó, CSO ni ti ọ́fíìsì àgbà ìjọba. Ẹ ka àkọlé fáìlì bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, ìjà ilẹ̀, ọ̀rọ̀ oyè, ẹ̀bẹ̀ owó orí, ibẹ̀ ni orúkọ àwọn tí kì í ṣe ọlọ́lá máa ń há sí. Ẹ sọ̀rọ̀ tó dáa fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ o. Ẹni tó ti ń gbé fáìlì fún ogún ọdún mọ ohun tí ìwé nọ́ńbà ò mọ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú iṣẹ́ mà, ohun tí mò ń wá rèé, ẹ jọ̀ọ́ ibo lẹ rò pé ó lè wà?" á gbé yín dé ibi tí owó ò lè gbé yín dé.

Kẹ́ ẹ tó jáde nínú ọgbà yẹn, ẹ yà sí Kenneth Dike Library, ibẹ̀ ni ìwé Herbert Macaulay wà.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sọ́ọ̀ṣì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), ìwé wọn wà ní Cadbury Research Library ní University of Birmingham, ẹ lè wo kátálọ́ọ̀gì ẹ̀ látilé. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà sọ fúnni: títí dé 1880, CA2 lẹ máa wò fún ilẹ̀ Yorùbá, oníkálukú òṣìṣẹ́ ló ní nọ́ńbà tiẹ̀ níbẹ̀, lẹ́tà ẹ̀ àti jọ́nà ẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sí, wà lójú kan. Lẹ́yìn 1880 ó di G3 A2, wọn ò fi orúkọ èèyàn tò ó mọ́, bí lẹ́tà ṣe ń dé lọ́dọọdún ni wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà. Torí náà ẹni tó rí Samuel Johnson wẹ́rẹ́ ní 1876, tó bá dé 1883 á rò pé ọkùnrin náà ti dákẹ́. Kò dákẹ́. Ètò ni wọ́n yí padà. Ẹ máa ka lẹ́tà ọdún náà lọ ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé.

Ìwé ìjọba òyìnbó lórí Èkó wà ní National Archives tiwọn ní Kew ní London, CO 147 ni ti lẹ́tà láàárín gómìnà àti ọ́fíìsì wọn. Fún àwọn tí bàbá ńlá wọn gba Brazil wá, ìyẹn àwọn Àgùdà, ẹ mọ̀ pé orúkọ olówó ẹrú ni ọ̀pọ̀ ń jẹ́, da Silva méjì lójúlé méjì ní Campos, àdúgbò àwọn Àgùdà l'Ékòó, lè má bára wọn tan rárá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé ìwé náà, orúkọ àkójọ, nọ́ńbà fáìlì, àti nọ́ńbà ojú ìwé. Tó bá jẹ́ fọ́tò inú fóònù lẹ yà, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ya èèpo fáìlì kẹ́ ẹ tó ya inú ẹ̀. Fọ́tò ìwé tí ò ní nọ́ńbà, bópẹ́ bóyá ẹ̀yin gan-an ò ní lè rí i mọ́.

Ìpele 5: Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀

Ó kù kẹ́ ẹ jókòó. Ká ní ìwé méjì ló wà níwájú yín, 1886 ni méjèèjì, "Rev. Johnson" ni méjèèjì. Nínú ọ̀kan, gómìnà Moloney rán an lọ sókè fún ọ̀rọ̀ àlàáfíà ogun Kírìjì. Nínú èkejì, ó jókòó nínú Legislative Council, ìgbìmọ̀ aṣòfin, l'Ékòó. Ẹ padà sí ìpele 2. Samuel ló wà l'Ọ́yọ̀ọ́, òun àti Charles Phillips ni wọ́n sì rán lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jà. James ló wọ Council lọ́dún 1886 yẹn, ó wà níbẹ̀ títí dé 1894. Ó tán.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Tó bá jẹ́ "Hon. Johnson" nínú Council ní 1905 ńkọ́? James kọ́ mọ́, Obadiah dókítà ni, 1901 sí 1913 ni tiẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ kan náà, orúkọ kan náà, ẹni ọ̀tọ̀. Orúkọ ìjókòó tàbí ti ọ́fíìsì kì í ya èèyàn sọ́tọ̀ àyàfi tẹ́ ẹ bá fi ọdún tì í.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oyè. Balógun Ajayi Ìbàdàn tó ṣáájú ogun Ìkìrun ní 1878, Ògbóríẹ̀fọ̀n ni, ó kú ní 1879. Balógun Ajayi Ìbàdàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ní Kírìjì ní 1886, Òṣùngbékùn ni. Ìlú kan, oyè kan, orúkọ àbísọ kan, ọdún mẹ́jọ péré ló wà láàárín wọn. Akọ̀wé òyìnbó tó kọ "Balogun Ajayi" sílẹ̀ mọ ẹni tó ń bá wí, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà fi ṣe pàtàkì ju ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ nígbà míì.

Àwọn ohun tó ń tan èèyàn jẹ níbí: ẹ̀dà tí akọ̀wé dà kọ, tí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ni lẹ́tà, torí náà ẹ má fi ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀dà ṣe ẹ̀rí. Ìwé ìròyìn tó tún ìròyìn ìwé ìròyìn míì tẹ̀, ẹ̀rí kan ni méjèèjì, kì í ṣe méjì. Àti "Mr." tẹ́ ẹ bá rí níwájú Samuel ṣáájú 1880, òótọ́ ló wà níbẹ̀, kò tíì di Rev. nígbà yẹn, ẹ má tún un ṣe fún wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fún ẹlòmíì tí kì í ṣe ẹbí ní ìwé yẹn àti ìlà àwọn alájọjẹ́, ẹ má sọ èrò yín fún un. Tóun náà bá yan ẹni tẹ́ ẹ yàn, ó dáa.

Ìpele 6: Ìgbà wo lẹ lè sọ pé òun ni?

Òfin tèmi rèé: ohun méjì tí kì í ṣe orúkọ, tó wá láti ibi méjì tí ò mọ ara wọn. Ìlú àti iṣẹ́ láti inú lẹ́tà CMS, orúkọ ìyàwó láti ara ibojì tàbí ìwé ìrìbọmi. Ọdún ikú láti inú ìwé ìròyìn, oríkì láti ẹnu bàbá tẹ́ ẹ ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ fi sí "ẹ̀ẹ̀kan ná". Tí ohun kan ṣoṣo bá lòdì, ká ní ó wà l'Ékòó lọ́jọ́ tí wọ́n ní ó wà ní Lọ́kọ́já, ẹ pín in sí méjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má wá àwáwí pé bóyá ó wọ ọkọ̀ ojú omi tó yára. Ó rọrùn láti so èèyàn méjì pọ̀ lọ́la ju kéèyàn tún tú wọn lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìsìnkú.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹbí, ẹ má fi fọ́tò nìkan ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ẹni tó jẹ́, ọdún, ìlú, nọ́ńbà fáìlì, ohun méjì tó fi hàn pé òun ni, àti orúkọ àwọn alájọjẹ́ tẹ́ ẹ ti yẹ̀ wò tẹ́ ẹ sì yọ kúrò. Ẹ̀gbọ́n kan máa jiyàn, ó dájú. Ẹ ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, nọ́ńbà fáìlì nìyẹn," kẹ́ ẹ sì júwe ọ̀nà ọgbà UI fún wọn.